Àwọn Ìwé Aláwọ̀ Eérú

Ẹni tó bá rò pé mo jókòó sínú ilé hun ìtàn yìí ni, kó wá sí Adja-Ouèrè, kó béèrè ilé ìkàwé. Yàrá kan ṣoṣo ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ búlúù, ẹ̀yìn ọjà ló wà. Kó wọlé, kó wo pẹpẹ tó wà lápá òsì fèrèsé. Ìwé mẹ́fà wà níbẹ̀, awọ wọn jọ eérú ààrò. Kó mú èyí tó bá wù ú, kó kà á. Lẹ́yìn náà kó wá pè mí ní òpùrọ́, mi ò ní bá a jiyàn. Mo ti bá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sọ̀rọ̀.

Rosine ni orúkọ obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà. Ọmọ Ikpinlè ni, ó kàwé ní Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olú ìlú, ó sì ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìwé kún ibẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí èèyàn agbègbè yẹn lè fi ṣe nǹkan kan. Àwọn aláàánú láti òkè òkun ló kó wọn ránṣẹ́. Ìwé nípa yìnyín. Ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹṣin. Ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì, bí wọ́n ṣe ń fi bọ́tà se ẹja ló ń kọ́ni láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Faransé ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ nígbà náà, fóònù ni wọ́n ń wá fi sí iná. Wọ́n á kí Rosine, wọ́n á jókòó sábẹ́ fáànù, oorun á gbé wọn lọ.

Rosine ò gbà kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ó mú kàyé ìkọ̀wé kan, ó ń lọ láti abúlé kan dé òmíràn, ó ń bi àwọn èèyàn pé irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́. Èsì wọn ò yàtọ̀ síra. Wọ́n fẹ́ ìwé tó ń sọ̀rọ̀ oko wọn, epo wọn, ilé wọn, ní èdè ẹnu wọn. Ó wá irú rẹ̀ ní Pobè, ó wá a dé Àjàṣẹ́, kò rí i. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí. Ikùn àwọn àgbà ló wà. Rosine ní kò burú, òun á lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, Mẹ́tìrì Armand á tẹ̀ ẹ́, àwọn á dì í pọ̀, ó di ìwé nìyẹn.

Mẹ́tìrì Armand ni ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ kọ̀ǹpútà lò, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n jọ jókòó sí nígbà tí wọ́n ń ṣe fíṣì.

Fíṣì yìí ni bébà tí ẹni tó bá fún ilé ìkàwé ní ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kó má bàa padà wá lọ́la pé ìwé òun dà. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Rosine ò rí òmíràn tó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ló bá tú èyí tí wọ́n ń lò fún ìwé sí Yorùbá bó ṣe wà. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: Mo fi ohun yìí sílẹ̀ fún ilé ìkàwé pátápátá. Láti òní lọ, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ ọn létí. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa, àgbà tí kò mọ̀wé kì í kàn tẹ ìka mọ́ bébà lásán. Wọ́n á kà á sí i létí, òun náà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ síta, ká tó gbà pé ó ti fọwọ́ sí i. Rosine mọ àṣà yẹn dáadáa, àmọ́ kò ronú kàn án lọ́jọ́ náà.

Ó kọ orúkọ àgbà mẹ́fà, ó kọ ohun tí kálukú mọ̀ àti ọjọ́ tí òun máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkàwé kí tẹrú tọmọ lè rí i. Ìyá Ẹfúnwùmí ló gbẹ̀yìn. Òun ló bí ìyá Rosine. Oríkì ilé wọn wà lórí ahọ́n rẹ̀, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ dúdú yẹn títí dé orí ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Rosine nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ, òun ló sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró, òun nìkan ló sì kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni Rosine fi bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní oríkì náà tán. Ìyá á ní kò tíì tó àsìkò. Ọdún yìí ló tó gbà, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e dáadáa mọ́. Kò sí ohun tí Rosine fẹ́ láyé tó jù ú lọ. Ká má parọ́, torí rẹ̀ ló ṣe dá gbogbo iṣẹ́ ìwé náà sílẹ̀.

Oyèkẹ́mi tó ń fún epo ní Kpoulou ni wọ́n fi ṣíwájú. Epo rẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ jù ní gbogbo ìhà ibẹ̀. Rosine gun sẹ́míjàn, ìyẹn alùpùpù akérò, lọ bá a láàárọ̀ Ọjọ́rú kan. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ já a sílẹ̀ tó sì yí padà, àgbàlá náà dákẹ́ jù. Ẹyìn tí wọ́n ti kó wá láti oko wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, ó ti ń rùn, eṣinṣin bò ó. Kò sí iná lábẹ́ àgbá. Oyèkẹ́mi jókòó sórí àpótí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlòmíràn dání.

Ó gbójú sókè. "Ó tún ku nǹkan tó o fẹ́ gbà ni?"

Rosine rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó ní òun ò tíì gba nǹkan kan. Oyèkẹ́mi ní kí ló dé tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe Rosine náà ló wá níjẹta, tó jókòó síbí, tó mu gààrí, tó kọ gbogbo ẹ̀ sínú kàyé? Ó wọlé, ó mú ẹ̀dà fíṣì kan jáde. Àmì ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, ó pọ́n pẹ̀lú epo. Orúkọ Rosine wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń fara wé e. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fà sí lẹ́tà tó kẹ́yìn.

Rosine yí bébà náà síwá sẹ́yìn. Níjẹta kò jáde rárá. Inú ilé ìkàwé ló wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó bẹ ìyá náà pé kó jọ̀ọ́ tún un sọ, díẹ̀ péré. Oyèkẹ́mi la ẹnu. "A á kó ẹyìn," ló wí. "A á wá..." Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "A á kó ẹyìn." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó fẹ́ po nǹkan, ọwọ́ náà dúró lókè níbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Rosine ń gbọ́ eṣinṣin. Kò gbọ́ ohun mìíràn.

"Mo ti fún ọ," ni Oyèkẹ́mi wí. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé. "Ohun téèyàn ti fi tọrẹ, ṣé ó tún máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Títí Rosine fi padà dé ìlú, inú fu, àyà fu ni. Ẹnì kan ti ka bébà ara ilẹ̀kùn, onítọ̀hún sì ń ṣáájú òun lọ. Ta ni? Ta ló mọ ọwọ́ ìkọ̀wé òun tó bẹ́ẹ̀? Orúkọ kan ṣoṣo ló ń wá sí i lọ́kàn. Mẹ́tìrì Armand ló tẹ fíṣì. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ olọ́mọ ṣe, ọwọ́ ta ni kò lè kọ? Kò sì jọ pé ó dùn mọ́ ọn nínú kí obìnrin tí òun lè bí lọ́mọ máa pàṣẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ jáde rí.

Ó bi í léèrè pé ta ló lọ sí Kpoulou níjẹta. Armand bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní Rosine ni, ó kí òun, ó gun sẹ́míjàn, ó lọ. Rosine ní inú yàrá yìí ni òun wà, òun ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn àwọn ìwé. Armand ní láti aago mẹ́sàn-án, òun nìkan ló wà nínú yàrá yìí. Wọ́n wo ara wọn. Rosine wá rí i pé bí òun ṣe ń fura sí i, bẹ́ẹ̀ ni Armand náà ń fura sí òun.

"Ìwé tó o gbé wá ní ìdájí òní nìyẹn," ni Armand wí, ó sì fi ẹnu júwe pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ìwé kan ló wà níbẹ̀, awọ rẹ̀ jọ eérú. Okùn dúdú ni wọ́n fi rán an. Rosine gbé e. Awọ rẹ̀ ṣì ń móoru bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí Oyèkẹ́mi ṣe ń fún epo, bó ṣe ń mọ̀ pé omi ti tó, òórùn tó ń dúró dè kó tó yọ iná. Kò sí ohun tí wọ́n fò. Ibi tí obìnrin náà ti rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọ pé ó rẹ́rìn-ín. Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, ìwé náà dára ju ohunkóhun tí Rosine lè kọ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí gan-an ló dẹ́rù bà á jù.

Ó ya bébà kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó kó gbogbo fíṣì jáde sẹ́yìnkùlé, ó ṣáná sí i. Armand dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago tí Rosine ń dé àti aago tó ń lọ sínú ìwé kékeré kan. Rosine rí i. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti Armand.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé di márùn-ún lórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó ń gbé wọn wá, àfi kí wọ́n sọ pé Rosine ni. Ilé ìkàwé kún. Àwọn tó ń wá sùn lábẹ́ fáànù tẹ́lẹ̀ ti ń wá kàwé. Ọ̀gá kan wá láti Àjàṣẹ́, ó yẹ ibẹ̀ wò, ó bọ Rosine lọ́wọ́, ó ní kò sí ilé ìkàwé abúlé tó mọ ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fẹ́ tó báyìí. Rosine dúpẹ́. Ó ń wo àwọn tó jókòó. Oyèkẹ́mi wà láàárín wọn, ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé epo sí i létí, ó tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè.

Abọ́dúndé tó ń dáko lórí ilẹ̀ dúdú, nísàlẹ̀ Adja-Ouèrè, ló jẹ́ ìkarùn-ún. Rosine lọ bá a lóko fúnra rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Gbogbo oko tó yí tirẹ̀ ká, wọ́n ti gbin àgbàdo sí. Tirẹ̀ ṣófo. Ó jókòó sí ẹ̀bá rẹ̀, ó gbé ọkọ́ lé itan. Nígbà tó rí Rosine, ó dìde, ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

"Ṣé o gbé e padà wá ni?" ló bi í.

Rosine kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kì í ṣe òun ló gbà á. Ó bẹ bàbá náà kó sọ fún òun bí ẹni tó wá ṣe rí. Abọ́dúndé ní Rosine gan-an ni, aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀, àpá tó wà nígùnpá rẹ̀. Rosine ní ṣé kò sí ohun tó yàtọ̀ rárá. Bàbá ronú títí. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ẹyẹ kan ò ké lórí gbogbo oko yẹn.

"Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ," ni Abọ́dúndé wí níkẹyìn. "Nígbà tó o wá bi wá ní irú ìwé tá a fẹ́, ò ń wo fóònù. Èyí ò wo ibì kankan. Mi ò rí ẹni tó gbọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tó ní kí n sọ pé mo fi sílẹ̀, tinútinú ni mo fi sọ ọ́."

Ojú ti Rosine. Ó wá lọ́kàn rẹ̀ kó kó ìwé márààrún kó sun wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá sun wọ́n, níbo ni bàbá yìí á ti rí bí òun ṣe máa gbin oko òun? Inú ìwé nìkan ló kù sí. Ó wo ilẹ̀ dúdú tó ṣófo yẹn, ó wá rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí bébà.

Ilé ìkàwé ló kọ́kọ́ sáré dé. Kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ pé Armand lọ́wọ́ sí i. Ó ní kó jọ̀ọ́ kó wọnú yàrá, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ látinú, kó má jáde títí òun fi máa dé. Tó bá jẹ́ Armand ni, ó kéré tán òun á ṣáájú rẹ̀ dé Ikpinlè. Armand ò bá a jiyàn. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn pé ilẹ̀kùn á wà láàárín òun àti Rosine. Rosine gbọ́ bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́ kó tó gun sẹ́míjàn.

Wọ́n ti rìn dé agbedeméjì ọ̀nà, láàárín àwọn igi ọ̀pẹ, nígbà tó ní kí ọlọ́kọ̀ dúró díẹ̀. Ó pe Armand.

"Mẹ́tìrì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Nígbà tí Armand dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Rosine ni."

"Rosine wà níwájú mi," ni Armand wí. "Ó ń gé bébà."

Rosine fi fóònù mọ́ etí dáadáa. Ó ń gbọ́ ọ látinú fóònù: ìró àlùmọ́gàjí, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú.

"Ibo ló gbà wọlé?" ló bi í.

"Mi ò mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi." Ìró náà dáwọ́ dúró. Armand mí. "Ó ti gbójú sókè. Ó ń wò mí. Ó ti dìde. Ó ní òun ń lọ sí Ikpinlè."

Ìpè náà já. Ó lè jẹ́ pé irọ́ ni Armand ń pa. Rosine fi èyí tu ara rẹ̀ nínú fún bíi ìṣẹ́jú kan, ó wá ní kí ọlọ́kọ̀ máa sáré.

Ọ̀sán gangan ló dé ilé Ìyá Ẹfúnwùmí. Oòrùn wà láàárín orí. Gbogbo ará ilé ti lọ sóko, àwọn adìyẹ sá sábẹ́ àká. Ìyá jókòó sórí ẹní nínú yàrá àkọ́kọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó na etí sí ẹsẹ̀ tó ń wọlé bọ̀, torí ojú rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ó bi í pé ta nìyẹn. Rosine ní òun ni. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá ò tíì pé, àmọ́ kò burú, òun ti ń to oríkì náà jọ sí ẹnu láti àárọ̀, kó jókòó, kó mú bíìkì tó fi ń kọ̀wé.

Inú Rosine dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó dé ibẹ̀ ṣáájú òun. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, Oyèkẹ́mi, Abọ́dúndé, ìwé márùn-ún, ohun tí Armand rí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ oríkì náà fún ẹnikẹ́ni. Kó má sọ ọ́ fún ẹni tó bá ní òun ni Rosine. Kó má tiẹ̀ sọ ọ́ fún òun gan-an.

Ìyá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," ló wí, "báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìwọ ni?"

Rosine ní ṣé Ìyá ò mọ ohùn òun ni. Ìyá ní ẹni tó lọ bá Oyèkẹ́mi náà ní ohùn yẹn. Ó jókòó dáadáa, ó gbé orí sókè bó ṣe máa ń gbé e láàárọ̀ nígbà tí Rosine wà ní kékeré. Ó ní òun á pè é. Ẹni tó ni orúkọ ni yóò jẹ́ ẹ.

"Àwẹ̀ró," ló pè. "Àwẹ̀ró, ọmọ ilẹ̀ dúdú tí ń gbé ọkọ́ mì. Ọmọ apọnmi-kílẹ̀-ó-tó-mọ́."

Rosine la ẹnu.

"Ìyá o," ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Ohùn Rosine ni. Ó fa ìparí rẹ̀ gùn bí ọmọdé ṣe máa ń fà á, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dáhùn nígbà kan, tó ti pẹ́ tó ti fi sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìró sẹ́míjàn kankan. Wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀.

Ojú Ìyá tàn. Lẹ́yìn náà ló yí i sí Rosine, ìtànṣán náà sì kú. Ó sún sẹ́yìn lórí ẹní títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Rosine fẹ́ dì í mú, Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Rosine ní Ìyá, ẹ má dá a lóhùn, òun ni mò ń sọ fún yín.

"Ọdún mẹ́wàá ni ọmọ mi fi ń bẹ̀ mí pé kí n sọ oríkì yìí fún òun," ni Ìyá Ẹfúnwùmí wí. Ohùn rẹ̀ le. "Kò sí ọjọ́ kan tó ní kí n má sọ ọ́. Ìwọ tó wá ní kí n gbé e mì, ta ló rán ọ? Jáde nílé mi."

Rosine sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i ni ẹ̀rù ń ba arúgbó náà sí i. Ó fi ọwọ́ gbígbẹ méjèèjì tì í láyà, ó ń tì í, Rosine sì ń fà sẹ́yìn torí kò lè ti ìyá àgbà rẹ̀ padà. Ó bá ara rẹ̀ níta. Ó gbọ́ bí Ìyá ṣe fi igi dábùú ilẹ̀kùn.

Ó sáré yí ilé po lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà ní títì látinú. Kò sẹ́nì kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ó lu ilẹ̀kùn, ó pariwo, kò sẹ́ni tó wà nílé tó lè gbọ́ ọ. Ó padà sí iwájú, ó gbé etí lé pákó.

Ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó fara balẹ̀, ó ń pe àwọn bàbá wọn níkọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kan. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Rosine ti ń retí láti gbọ́ ọ báyìí. Ó ń gbọ́ ìró ojú ewé tó ń yí. Ó wá bíìkì nínú àpò rẹ̀, ó rí i, ó gbìyànjú láti kọ orúkọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orúkọ náà ti lọ kó tó kọ lẹ́tà kejì. Wọ́n ń kọjá lọ létí rẹ̀, kò sì rí èyíkéyìí dì mú. Wọ́n kan ìyá rẹ̀. Wọ́n wá kan Àwẹ̀ró.

Oríkì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ìyá sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tí wọ́n ń kà á sí létí: "Mo fi ohun yìí sílẹ̀ fún ilé ìkàwé pátápátá. Láti òní lọ, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Rosine ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ilé náà ṣe dákẹ́ ni gbogbo Ikpinlè ṣe dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbọ́ tí igi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹ̀.

Ìyá Ẹfúnwùmí nìkan ló yọjú. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ẹní wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, kò sí ẹ̀rù níbẹ̀ mọ́. Ó yí etí sí ibi tó ti gbọ́ ẹkún, ó wá tẹ orí ba díẹ̀, bí àgbà tó mọ ẹ̀yẹ ṣe ń kí àlejò.

"Ẹ káàsán o," ló wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

"Èmi ni, Ìyá," ni Rosine wí. "Èmi ni Àwẹ̀ró."

Ìyá ronú sí i. Ó fi ètè pè é wò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Orúkọ tó dára ni," ló wí. "Ta ló sọ yín bẹ́ẹ̀?"